Ìlà Tí Kò Sí Nísàlẹ̀ Àwòrán Ọkàn Ìyá Rẹ

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Èkó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Múíbá Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ níbi tí o wà. Bí òbí bá ń kọ lẹ́tà sí ọmọ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé gbogbo ilé wà dáadáa, kí ọkàn ọmọ lè balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fà á ya, nítorí irọ́ ni. Ara mi le, mo ṣì ń fi eyín mi jẹ ẹran, ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ tí o ti pè mí ni inú mi ti bàjẹ́, n kò sì rí àdúrà tó gbé e kúrò.

O rántí ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín ni o ń rín. O ní ọ̀gá rẹ tuntun ní ilé ìwòsàn Abẹ́òkúta yẹn ń bá ọ jà lórí wáyà. Ó ní kí o máa lẹ wáyà mẹ́ta mọ́ gbogbo aláìsàn lára kí o tó gbé ẹ̀rọ lé wọn láyà, kí ẹ̀rọ lè máa ka bí ọkàn ṣe ń lù bó ṣe ń ya àwòrán rẹ̀. O ní o dá a lóhùn pé, “Ọ̀gá, bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí kí n tó dé yunifásítì. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi wo ọkàn ènìyàn l'Ékòó, wọn kì í so wáyà. Ojú wọn ju wáyà lọ.” O ń retí kí n bá ọ rẹ́rìn-ín. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, mo pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, Múíbá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà, èmi tí n kì í kọ ju orúkọ mi lọ láti ọdún méjì tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ìmọ̀ràn wà nínú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi náà wà nínú rẹ̀, n kò sì mọ bí mo ṣe lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Jọ̀wọ́, jẹun kí o tó kà á. Mo mọ̀ ọ́, bí iṣẹ́ bá ti wà níwájú rẹ, bísíkíìtì ni o máa ń pè ní oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ kìíní. O mọ iṣẹ́ wáyà yìí nínú ìwé jù mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ìyá rẹ ì bá ṣe sọ ọ́. O ṣì rántí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó ní bí abẹ́rẹ́ bá wà nísàlẹ̀, a kì í fa aṣọ. Ìgbà tó bá gòkè ni kí o tó fà á. O kò gbọ́. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni o dá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì kó ọ níkòó lórí títí o fi sá wá bá mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn ènìyàn. Kì í dúró dè wá. Á ṣí kí ẹ̀jẹ̀ wọlé, á pa dé kí ẹ̀jẹ̀ jáde, kò sì ní sinmi títí ọjọ́ ikú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣí tán pátápátá, kó tún wọ̀n ọ́n nígbà tó pa dé tán. Bí o bá ṣi ọ̀kan wọ̀n, ohun tí o wọ̀n kò sí láyà ẹnì kankan. Wáyà ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé ìsinsìnyí ló ṣí, ìsinsìnyí ló pa dé.

Ẹ̀rọ tuntun tí o ń yangàn sí mi lórí rẹ̀ yẹn tún nílò rẹ̀ ju tiwa àtijọ́ lọ. Ìwọ lo sọ fún mi pé ó máa ń mú díẹ̀ nínú lílù kan, díẹ̀ nínú òmíràn, títí dé mẹ́rin, kó tó rán wọn pọ̀ di ọkàn odidi kan. Bí kò bá mọ ibi tí lílù kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ojú ìrán kò ní pàdé. Ìyá rẹ ì bá ní àpò àyà ọ̀tún wà lókè, ti òsì wà nísàlẹ̀, kí o tú u kí o tún un rán.

Báwo ni èmi tí mo mọ gbogbo èyí ṣe wá jáwọ́ nínú wáyà? Díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn àlàájà Ìsàlẹ̀ Èkó ló kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Wọ́n á dé pẹ̀lú ìborùn, wọ́n á di ẹ̀wù wọn mú, wọ́n á ní, “Dókítà, ẹ má bínú, ẹ kàn gba abẹ́ aṣọ.” Dókítà ni wọ́n ń pè mí, o ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, dókítà ni lọ́dọ̀ wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo fi wáyà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé iṣẹ́ ń yá, pé èrò tó jókòó síta ń tán kí wọ́n tó pe ìrun Ayílà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin náà, àwọn tí kò bẹ̀ mí.

Mo wá mọ ọ́n ṣe. Màá tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn ọkàn nínú àwòrán, bó bá ti ń pa dé báyìí, màá tẹ bọ́tìnnì, àwòrán á dúró gbagidi níbi tí mo fẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ mí ní Ojú Àwòdì. Mo fẹ́ràn orúkọ náà, Múíbá, n kò ní purọ́ fún ọ. Bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, ọrùn mi á gùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, ohun tó sì bà mí jẹ́ nìyẹn. Ká ní ojoojúmọ́ ni mò ń ṣì í ni, ǹ bá ti jáwọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní.

Nítorí náà, bí obìnrin bá ń tijú lọ́dọ̀ rẹ, bu ọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n má fi wáyà sílẹ̀. Obìnrin bíi tirẹ̀ ni ọ́, ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù mí lọ. Méjì sí èjìká, ọ̀kan sí ìhà òsì nísàlẹ̀, kò sí èyí tó ní kó ṣí ọmú. Bó bá ṣì ń tijú, fi ìborùn òun fúnra rẹ̀ bò ó nígbà tí o bá ń lẹ̀ ẹ́. Kò gùn ju kí ènìyàn ka Fátíhà lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nọ́ọ̀sì obìnrin wà tí mo lè pè, mi ò pè é. Ọ̀lẹ ni mo ń ṣe, mo sì ń pè é ní ọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé kí o má ṣe wo ọkàn ẹni tí o fẹ́ràn. Gbé e fún ẹlòmíràn. Bí o bá kà á dé ibí tí o kò tíì jẹun, dìde lọ jẹun.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́. Ìyá rẹ ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Lafiaji nígbà náà, ó máa ń ru wọ́n lọ fúnra rẹ̀, á gba Obalende bọ̀ wá sílé pẹ̀lú òwú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ọ̀nà. Ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé, “Bàbá Múíbá, àyà mi á máa sáré, á wá dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, á tún máa sáré lọ.” Mo ní àárẹ̀ ni, ilé-ìwé ń wọlé, iṣẹ́ pọ̀. Ó tún sọ ọ́. Mo ní kó máa mu omi. Ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni mo ní kó wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, bí èrò bá ti tán.

Ó wá. Ó gbé ìrẹsì wá fún mi nínú fíláàsì. Mo ní kó dùbúlẹ̀, n kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ta ni màá kọ orúkọ ìyàwó mi fún? Òun fúnra rẹ̀ ló rí wáyà tó so kọ́ ara ẹ̀rọ. Ó ní, “Ẹ ò ní so ìwọ̀nyẹn fún mi ni?”

Mo ní, “Ìwọ? Mo mọ ọkàn ẹ ju wáyà lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, inú àwa méjèèjì dùn sí i.

Lílù ọkàn rẹ̀ kò dọ́gba. Mo rí i. Ọ̀kan á yára, èkejì á yára, á wá dúró pẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀kan ńlá á lù. Mo ní nítorí pé ó ń rẹ́rìn-ín ni. Mo dúró de èyí tó dára. Èyí tó tẹ̀ lé ìdúró pípẹ́ náà ló dára jù, nítorí ọkàn ti ráyè gba ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ó sì fi agbára tì í jáde. Òun ni mo tẹ bọ́tìnnì lé. Òun ni mo wọ̀n. Ẹyọ kan ṣoṣo tó rẹwà nínú gbogbo wọn ni mo mú, mo sì sọ fún un pé, “Ọkàn ẹ dára bíi ti ọmọ ogún ọdún.”

Ká ní mo so wáyà ni, ìlà kan ì bá máa sá lọ nísàlẹ̀ àwòrán, ọmọ kékeré ì bá sì rí i pé àyè tó wà láàárín lílù kan sí èkejì kò bára mu. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa dúró ní igun rẹ̀ títí á fi dì, èyí tó dì náà á sì gba ọ̀nà orí lọ. Òògùn wà fún un. Hóró kékeré ni, àárọ̀ ni wọ́n ń lò ó, wọ́n ń tà á nílé òògùn tó wà níwájú ibi iṣẹ́ wa gan-an. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọjá níbẹ̀.

Mo tẹ àwòrán náà jáde fún un. Ó fi han gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó pé ọkọ òun wo ọkàn òun, kò rí àlébù. Láti ọjọ́ náà kò ráhùn mọ́. Bí àyà rẹ̀ bá ń sáré, bí mo bá rí i tó dúró tó fọwọ́ ti ògiri, á ní kò sí nǹkan, Bàbá Múíbá ti wò ó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Èyí tí mo jù sílẹ̀ yẹn, oṣù márùn-ún ló lò kó tó kanlẹ̀.

O mọ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ sọ ohun tí o kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí o parí yunifásítì, o ṣì wọ aṣọ dúdú gbọọrọ yẹn, o fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, o ń sunkún. O ní láàárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀, ó ní kí o bá òun rán bọ́tìnnì sí ẹ̀wù méjìlá, o pòṣé, o ní o ní ìdánwò. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í. Ọ̀sán ni àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. O ní, “Bàbá mi, ká ní mo rán bọ́tìnnì yẹn ni.” Ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń gbé e kiri kó tó di ọjọ́ náà. Kí ni mo fi dá ọ lóhùn? Mo ní kádàrá ni, ọmọ mi. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bo ohun tí èmi ṣe, mo sì jẹ́ kí o máa ru ẹrù mi lọ.

Bọ́tìnnì kọ́ ló pa ìyá rẹ, Múíbá. Tún un kà. Bọ́tìnnì kọ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ wáyà mọ́ ọn lára. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí bébà fi jáde. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, “Sà, ṣé wọ́n ti ṣe sikáànì ọkàn fún wọn rí?” Ìwọ wà níta lórí bẹ́ǹṣì, o gbé fíláàsì oúnjẹ mọ́ra.

Mo ní, “Rárá o.”

Ìyá rẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì yí i sí mi. Ó gbọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò kó tó kú, kò sọ gbólóhùn kan. N kò mọ ohun tó wà nínú ojú yẹn. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń wò ó, èmi Ojú Àwòdì, n kò rí i kà. Ẹbí wa ní iṣẹ́ àṣejù ló pa á, ìyá mi àgbà ní kì í gbọ́ràn, mo sì jókòó láàárín wọn mo ń mi orí.

O lè rò pé lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ mo padà sí wáyà. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mú un lọ́wọ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ padà síbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ní, “Ojú Àwòdì, kí ló dé lónìí?” Mo gbé e kọ́ padà. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í so ó, wọ́n á bèèrè ìdí, ìdí kan á sì fa òmíràn. Irọ́ tí mo pa fún dókítà ọ̀dọ́ yẹn ni mo fi ọdún mọ́kànlá sí i ṣọ́. Àwọn ènìyàn ń wá, wọ́n ń dùbúlẹ̀, mo ń mú lílù kan tó dára fún wọn, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń lọ. Mélòó nínú wọn ni tiwọn dà bíi ti ìyá rẹ? N kò mọ̀. Kò sí ọ̀nà tí mo fi lè mọ̀ láé. Bí mo bá pàdé ẹnì kan ní Obalende tó ní, “Dókítà, ẹ ṣeun ọjọ́sí,” ojú mi kì í lè gbé ojú rẹ̀.

Nígbà tí o sì máa ń wá bá mi ní ọlidé, o máa ń dúró lẹ́yìn mi, mo ní kí o tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn ọkàn, kí o sọ fún mi ìgbà tó pa dé. Bí o bá gbà á, màá pàtẹ́wọ́. Ohun tó pa ìyá rẹ ni mò ń kọ́ ọ, inú rẹ ń dùn, inú tèmi náà sì ń dùn pé ọmọ mi yá. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù lọ.

N kò ka ọ̀rọ̀ ní kìíní, kejì mọ́, jẹ́ kí n kàn máa sọ wọ́n lọ. Bí lílù ọkàn kò bá dọ́gba, má ṣe yan èyí tó wù ọ́. Wọn lílù márùn-ún tó tẹ̀ lé ara wọn, tàbí mẹ́wàá, kọ gbogbo wọn sílẹ̀ pẹ̀lú èyí tó burú, kí o tó sọ̀rọ̀. Bí bébà tí a fi ń lẹ wáyà mọ́ ara bá tán, sọ fún aláìsàn pé ó tán, kó padà wá lọ́la. Kó bú ọ sàn ju kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá fún ọ lórúkọ oyè níbi iṣẹ́, má jẹ́ ẹ. Bí o bá ṣì í, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ ọjọ́ kìíní á dójú tì ọ́, ṣùgbọ́n wàá ṣì lè sùn.

Ọmọkùnrin tó sìn ọ́ wálé ní Iléyá tó kọjá, tó jẹ ẹran bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, n kò ní nǹkan sí i. Ó rín ẹ̀rín dáadáa. Ọjọ́ kan ni mo rí i. Ìwọ náà wo ọjọ́ márùn-ún rẹ̀, kí èyí tó burú wà níbẹ̀. Ìyá rẹ ni ì bá bá ọ sọ èyí, ó sì mọ ọ̀rọ̀ irú rẹ̀ sọ jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí o bá ka lẹ́tà yìí, kí o tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, lọ bá ọ̀gá rẹ. Kúnlẹ̀ fún un. Sọ pé bàbá rẹ ní òun ló jẹ̀bi, òun ló kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Fi ohun tí mo fi sínú àpò lẹ́tà yìí hàn án. Inú àpótí òwú ìyá rẹ ni mo ti rí i lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó fi àjákù aṣọ ilé-ìwé aláró wé e kó má baà ṣá. Àwòrán yẹn ni. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tó yẹ kí ìlà ti máa sá lọ. Dúdú ni. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

N kò ní kí o dárí jì mí. Má tíì pè mí, ohùn rẹ á jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Bí o kò bá wálé ní Iléyá, màá jẹ́ kí àwọn ará ilé mọ ìdí rẹ̀ fúnra mi, n kò ní fi kádàrá bò ó mọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tí ìyá rẹ fi wò mí wò ọ́ láé.

Mo tún wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dì í. Mo wò ó bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín, mo fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ wò ó. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé e fún mi, màá tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkàn yìí dára.

Ọwọ́ mi nìyí, èmi tí mo bí ọ,
Bàbá Múíbá.